AJÁ ONÍRUN WỌ FATE: ẸWÀ Ń BẸ, WÀHÁLÀ Ń BẸ!

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá gba títì Fate kọjá ní Ìlọrin nírọ̀lẹ́, ẹ lè pàdé ajá kékeré kan tí irun bò lójú, tó ń tẹ̀lé ọmọ olówó rẹ̀ kiri bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ra súyà fóun náà. Lhasa Apso lorúkọ rẹ̀. Àwa ń pè é ní Lasa. Kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sì í sábà ju kílò 8.

Àmọ́ ẹ má fojú kékeré wò ó o! Ilẹ̀ Tibet, lórí òkè olótùútù, nìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Lhasa tí í ṣe olú ìlú ibẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ajá ńlá ń ṣọ́ ìta, Lasa ń ṣọ́ inú ilé. Bó bá ti gbúròó àjèjì, gbígbó ni. Ẹ̀bùn ni wọ́n sábà fi ń ṣe láyé ọjọ́un. Lọ́dún 1933, Dalai Lama kẹtàlá fi méjì ta Suydam Cutting, ará Amẹ́ríkà, lọ́rẹ. Nígbà tó di 1935, ẹgbẹ́ American Kennel Club gbà á wọlé.

Ìwà rẹ̀ ńkọ́? Ó fẹ́ràn ará ilé, ó ń fura sí àlejò, ó sì lórí kunkun. Ọmọdé tó bá ń fà á nírun, kó ṣọ́ra!

Èmi fúnra mi ti jẹ ìyà rẹ̀ rí. Mo ra ọmọ Lasa kan, ẹni tó tà á ní wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ pé. N kò bèèrè káàdì. Ẹwà rẹ̀ ti kó sí mi lórí. Lọ́jọ́ karùn-ún, èébì dé, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tẹ̀ lé e. Màmá mi tí kì í jẹ́ kí ajá sún mọ́ ẹní ìkírun òun ló jókòó tì í lẹ́yìnkùlé.

"Ọmọ mi, gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, ẹ̀mí ni," ni wọ́n wí.

Dókítà ní parvo ni, àìsàn tí ayé mọ̀ lọ́dún 1978, pé a ti pẹ́ jù. Kílẹ̀ tó mọ́, ajá ti kú.

Ẹ gbọ́ o: láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 labẹ́rẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn a sì máa tún un gún títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi ń bẹ lọ́tọ̀, nígbà tó bá pé nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ẹ má fojú dì í, nítorí dìgbòlugi ń pa èèyàn! Ẹ máa ya irun rẹ̀, ẹ yọ eégbọn, ẹ máa wo ojú rẹ̀ tó máa ń dùn ún. Nínú ooru oṣù kẹta, ẹ fún un ní ibòji àti omi, ẹ gé irun náà mọ́lẹ̀. Ẹ má fún un ní àlùbọ́sà tàbí egungun adìyẹ sísè.

Mo ti ra òmíràn báyìí. Kí n tó wojú rẹ̀, káàdì ni mo kọ́kọ́ bèèrè. Màmá mi ló sì ń rán mi létí ọjọ́ abẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ kọ̀wé sí wa.