Mọ́tọ̀ Ńlá Kò Lè Wo Àrùn Síkúrù

Láti ìgbà tí a ti kọ́kọ́ mẹ́nu ba bí èèyàn ṣe lè so mílì kékeré orí tábìlì, ẹ̀rọ tó ń gé irin, mọ́ kọ̀ǹpútà nínú ọgbà ilé rẹ̀, ẹjọ́ kan náà ni àwọn òǹkàwé ń kó wá. Èyí tó yé mi jù nínú wọn wá láti ọ̀dọ̀ arákùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù léèsì ní Abúlé Ẹ̀gbá. Ó ní òun ti yọ hándù kúrò lára mílì òun, mọ́tọ̀ ti bọ́ sí ipò hándù, kọ̀ǹpútà sì ń darí rẹ̀ láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí òun bá ní kó gé ihò róbótó, ihò náà kì í rí róbótó. Ibi mẹ́rin ni ó ti máa ń pẹlẹbẹ. Ẹni tó bá a ṣe iṣẹ́ náà ní mọ́tọ̀ ni kò lágbára tó. Ó ra èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ihò kò yí padà. Ọ̀gá oníṣẹ́ náà ní bọ́ọ̀dù ni, ó tún ra bọ́ọ̀dù. Ní báyìí, wọ́n ti ní kó lọ ra kọ̀ǹpútà tuntun.

Arákùnrin mi, ẹ má ra ohunkóhun mọ́. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Àrùn mílì yín kò sí lára mọ́tọ̀, kò sí lára bọ́ọ̀dù, kò sì sí nínú kọ̀ǹpútà. Abẹ́ tábìlì tó ń gbé irin lọ lórí mílì ni ó wà, láàárín síkúrù àti nọ́ọ̀tì rẹ̀, ó sì ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó gbèrò kọ̀ǹpútà rárá.

N kò ní jókòó ṣàlàyé bí a ṣe ń lu ihò sára irin kí mọ́tọ̀ lè jókòó, tàbí bí a ṣe ń tọ́ irin pọ̀ kó má wọ́. Ẹni tó bá ń jẹun nídìí léèsì láti Ìyànà Ìpájà dé Agége mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àṣẹ tí kọ̀ǹpútà pa àti ìrìn tí tábìlì rìn.

Mọ́tọ̀ tí a ń lò fún iṣẹ́ yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní stepper, ìṣísẹ̀ ìṣísẹ̀ ni ó ń yí. Ìṣísẹ̀ 200 ló pé yípo kan. Bí síkúrù yín bá ń ti tábìlì lọ ní 2 mm fún yípo kan, a jẹ́ pé ìṣísẹ̀ kan jẹ́ 0.01 mm. Dráífà, ìyẹn bọ́ọ̀dù tó ń fi iná bọ́ mọ́tọ̀, tún lè pín ìṣísẹ̀ kan sí ọ̀nà 10. Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́jà ti ń rí ẹnu sọ pé ẹ̀rọ náà péye dé 0.001 mm. Irọ́ gbuu ni. Mọ́tọ̀ nìkan ni wọ́n ń sọ. Wọn kò wọn tábìlì wò.

Kọ̀ǹpútà yín kò mọ ibi tí tábìlì wà. Ó rán ìṣísẹ̀ 500 jáde, ó sì gbà pé tábìlì ti rìn 5 mm. Kò sí wáyà kankan tó ń mú èsì bọ̀ láti ọ̀dọ̀ tábìlì. Ó dà bí ẹni tó rán ọmọ níṣẹ́, tí kò dúró gbọ́ èsì, tó sì ti ń sọ fún ará ilé pé iṣẹ́ ti parí.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí kò fi ọ̀rọ̀ èsì ṣeré. John Parsons, tó ń ṣe abẹ̀bẹ̀ hẹlikópítà ní Traverse City ní Amẹ́ríkà, ló gbé èrò pé kí nọ́ńbà máa darí mílì wá. Ilé iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ló sanwó. MIT, yunifásítì kan níbẹ̀, ló ṣe ẹ̀rọ náà, wọ́n sì ṣe àfihàn rẹ̀ ní 1952. Kì í ṣe mílì tuntun ni wọ́n rọ. Cincinnati Hydro-Tel, mílì tó ti wà lọ́jà tẹ́lẹ̀, ni wọ́n tú tí wọ́n tún tò. Iṣẹ́ tí ẹ̀yin náà ń ṣe ní Abúlé Ẹ̀gbá ni wọ́n ṣe, àmọ́ wọ́n fi ohun tó ń jíṣẹ́ ìrìn tábìlì padà sára rẹ̀. Mílì kékeré wa kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín mọ́tọ̀ àti tábìlì, kọ̀ǹpútà kò ní gbọ́.

Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rèé. Eyín síkúrù kò lè há mọ́ eyín nọ́ọ̀tì pinpin, torí bó bá há, kò ní yí. Àyè díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Àyè yìí ni àwọn oníṣẹ́ wa ń pè ní pléè. Bí síkúrù bá ń ti tábìlì lọ sí ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ kan eyín rẹ̀ ló fara ti nọ́ọ̀tì. Bí a bá ní kó padà sí òsì, síkúrù ní láti kọ́kọ́ la àyè yẹn kọjá kí ẹ̀gbẹ́ kejì tó kan nọ́ọ̀tì. Ní gbogbo ìgbà yẹn, mọ́tọ̀ ń yí, kọ̀ǹpútà ń kà, tábìlì sì dúró lójú kan. Bí pléè bá jẹ́ 0.2 mm, ìṣísẹ̀ 20 ti lọ lásán. Bẹ́ẹ̀, 0.2 mm kì í ṣe ohun àjèjì lára mílì kékeré, kódà kó jẹ́ tuntun láti inú páálí.

Nígbà tí ẹ ń fi ọwọ́ yí hándù, pléè yìí wà, kò sì pa yín lára. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ dójú àmì kì í dá tábìlì padà wá bá nọ́ńbà. Á yí hándù padà kọjá nọ́ńbà náà dáadáa, á wá tún yí i bọ̀ láti ìhà kan ṣoṣo tó ti ń wá tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá yín kọ́ yín bẹ́ẹ̀, ó ti di bárakú, ẹ kì í tilẹ̀ rò ó mọ́. Ọgbọ́n yẹn ló ń bo àléébù síkúrù mọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ yọ hándù ni ẹ yọ ọgbọ́n náà kúrò lára ẹ̀rọ.

Ẹ wá wo ihò róbótó yẹn. Láti gé e, tábìlì ń lọ sí ọ̀tún àti òsì, ó sì ń lọ síwájú àti sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá wo ihò náà bí ojú agogo, ibi 3 àti 9 ni ìrìn ọ̀tún-òsì ti ń yí padà, ibi 12 àti 6 sì ni ìrìn iwájú-ẹ̀yìn ti ń yí padà. Ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí gan-an ni síkúrù ti ń la àyè kọjá, ibẹ̀ náà sì ni ihò yín ti pẹlẹbẹ. Mọ́tọ̀ tó tóbi yóò kàn fi agbára púpọ̀ la àyè kan náà kọjá ni. Àyè kò ní dín kù.

Àwọn kan á ní kọ̀ǹpútà lè tún un ṣe. Lóòótọ́, Mach3 àti LinuxCNC, àwọn sọ́fítíwià tó ń darí ẹ̀rọ, ní ibi tí a ti lè kọ iye pléè sí, kí kọ̀ǹpútà máa fi ìṣísẹ̀ kún un nígbàkígbà tí ìrìn bá yí padà. Fún lílu ihò, ó wúlò. Fún gígé irin, kò tó. Lákọ̀ọ́kọ́, síkúrù tó ti pẹ́ kì í jẹ dọ́gbadọ́gba; àárín, níbi tí iṣẹ́ ti ń pọ̀ jù, ló máa ń jẹ ju etí lọ, nọ́ńbà kan ṣoṣo kò sì lè bá gbogbo rẹ̀ mu. Ẹ̀kejì ló léwu jù: àyè náà ṣì wà níbẹ̀. Bí a bá ń gbé irin lọ sí ìhà kan náà tí eyín kọ́tà, ìyẹn ọ̀bẹ tó ń gé irin, ń fà á sí, kọ́tà á já tábìlì gbà, á fà á la àyè yẹn kọjá lójijì, á gé ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí kó kán. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀gá àtijọ́ fi ń kọ́ ọmọṣẹ́ pé kó máa gbé irin pàdé kọ́tà. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwià tó ń kọ G-code, ìyẹn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, ni kì í bèèrè; ìhà tí kọ́tà ń fà sí ni wọ́n ń yàn. Ẹ yí i padà kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì.

Ìwòsàn tó pé ni ball screw. Nínú rẹ̀, eyín kì í ha eyín. Bọ́ọ̀lù irin kéékèèké ló ń yí láàárín síkúrù àti nọ́ọ̀tì, a sì lè fi bọ́ọ̀lù tó tóbi díẹ̀ tàbí nọ́ọ̀tì méjì tó ń ti ara wọn pa àyè rẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní 1605 fẹ̀ ní 16 mm, ó sì ń rìn 5 mm fún yípo kan. Àwọn tó ń tún mílì Sieg X2 ti Shanghai ṣe nílé wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ti ń lò ó tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí pẹ̀lú. Mo ti rí ball screw olówó iyebíye tí wọ́n gbé lé bẹ́árìn kan tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìdí rẹ̀. Pléè tó kúrò nínú nọ́ọ̀tì ti ṣí lọ sí inú bẹ́árìn nìyẹn. Bẹ́árìn méjì tó kọjú síra wọn, tí a fún mọ́ra dáadáa, ló yẹ kó wà ní ìdí síkúrù. Bí ẹ bá sì ra tòkunbọ̀, àárín rẹ̀ ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Etí síkúrù kì í jẹ́wọ́.

Kò sí ẹni tó yẹ kó ná kọ́bọ̀ kan láìkọ́kọ́ wọn ẹ̀rọ. Ẹ gbé dial gauge, ìwọ̀n tó ní abẹ́rẹ́ bí agogo, sórí mílì, kí ẹnu rẹ̀ fara kan tábìlì. Ẹ kọ́kọ́ ní kí tábìlì rìn díẹ̀ síwájú, kí ẹ ka abẹ́rẹ́, kí ẹ wá ní kó rìn 1 mm síwájú sí i, lẹ́yìn náà 1 mm sẹ́yìn. Bí abẹ́rẹ́ kò bá padà débi tó ti kúrò, iye tó kù ni pléè. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí tábìlì máa lọ kó máa bọ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìgé nǹkan kan, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Pléè kì í pọ̀ sí i: bó ṣe wà ní ìrìn àkọ́kọ́ ló ṣe máa wà ní ìrìn ìgbẹ̀yìn. Bí àṣìṣe bá ń kó jọ, tó ń pọ̀ bí ìrìn ti ń pọ̀, a jẹ́ pé mọ́tọ̀ ń pàdánù ìṣísẹ̀ tàbí pé ohun tó so ó mọ́ síkúrù ń yọ̀. Ìgbà yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ mọ́tọ̀, dráífà àti vólítì tó wáyé. Ọ̀gá tí kò lè ya àrùn méjèèjì yìí sọ́tọ̀ kò yẹ lẹ́ni tí à ń gbé ẹ̀rọ fún.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára nítorí irú ṣọ́ọ̀bù arákùnrin Abúlé Ẹ̀gbá yìí ni àwọn ilé iṣẹ́ láti Ọ̀gbà dé òpópónà Ọba Akran ń sá tọ̀ nígbà tí ẹ̀yà ẹ̀rọ òkè òkun bá kán. Ihò bẹ́árìn tó fi 0.2 mm tóbi jù, irin ìdànù ni. Oníbàárà tó bá gba irú rẹ̀ kò ní padà wá.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí agbára mọ́tọ̀ fi ń dín kù bó bá ń sáré, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó dúró. Lẹ́tà kan láti Ọ̀gbà wà níwájú mi, ó ní wọ́n mú iná lórí iṣẹ́, ọmọṣẹ́ kan na ọwọ́ sábẹ́ kọ́tà láti kó irin wẹ́wẹ́ kúrò, wọ́n dá iná padà, kọ́tà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Díẹ̀ ló kù kí ìka rẹ̀ lọ.

Ẹ má ṣe lo mílì tí mọ́tọ̀ kọ́tà rẹ̀ lè dá bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí iná bá dé. Ẹ ní kí oníná fi kọ́ńtákítọ̀ sí i, èyí tó máa já bí iná bá lọ, tí kò sì ní mú títí èèyàn á fi tẹ bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì pupa ìdádúró gbọ́dọ̀ gé iná gan-an. Èyí tó kàn ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà kò tó.

Ẹ má ṣe fi ínfátà gbé kọ̀ǹpútà nìkan. Bí iná bá lọ, mọ́tọ̀ á kú, kọ̀ǹpútà á sì máa bá iṣẹ́ lọ, á máa ka ìrìn tí tábìlì kò rìn. Bí iná bá dé, á wa kọ́tà wọ inú fáìsì tó di irin yín mú. Ẹ fi ínfátà gbé gbogbo rẹ̀ pọ̀, tàbí kí ẹ má fi gbé ìkankan. Lẹ́yìn tí iná bá lọ, ẹ dá tábìlì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó tún gé ohunkóhun. Ìdí nìyí tí súwíìṣì ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé tábìlì ti dé ìbẹ̀rẹ̀, fi ṣe pàtàkì ju mọ́tọ̀ ńlá lọ.

Ẹ rántí orí mílì. Síkúrù àtijọ́ máa ń di orí náà mú fúnra rẹ̀. Ball screw kì í dì í mú. Bí iná bá lọ, orí tó wúwo lè já wálẹ̀ sórí iṣẹ́ tàbí sórí ọwọ́. Ẹ fi ẹrù ìdọ́gba tàbí bíréèkì sí i.

Ẹ̀yin tó ń so ẹ̀rọ fún èèyàn, ẹ jáwọ́ nínú yíyọ wáyà mọ́tọ̀ nígbà tí iná wà lára dráífà. Ó ń sun dráífà, ẹ̀yin náà lẹ sì ń gba owó òmíràn lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin onílé ẹ̀rọ, ẹ má fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírésọ̀ fẹ́ irin wẹ́wẹ́ wọ inú nọ́ọ̀tì. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò. Kí ẹnikẹ́ni má wọ ìbọ̀wọ́ nídìí kọ́tà tó ń yí.

Arákùnrin mi ní Abúlé Ẹ̀gbá, bí owó yín bá mọ sí nǹkan kan, ẹ ná an lórí síkúrù, nọ́ọ̀tì àti bẹ́árìn. Mọ́tọ̀ kékeré tí ẹ kọ́kọ́ rà lè tó yín. Èyí ńlá tí wọ́n tà fún yín, ẹ bi ọ̀gá náà bóyá ó gbé dial gauge sórí tábìlì yín kó tó ní kí ẹ rà á. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kó wá gbé mọ́tọ̀ rẹ̀, kó sì dá owó yín padà.