Níbo ni Gẹ̀ẹ́sì ń kó ọ̀wọ̀ sí? Ohun tí ‘ẹ’ àti ‘ń’ lè ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ Ìfọ̀nyìn

Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, wà ní ẹkùn Plateau lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lẹ́bàá ẹnubodè Nàìjíríà. Bí ènìyàn bá kọjá Ìgólò, Ìdírokò ni yóò bọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ń sọ Yorùbá tàbí Gùn nílé, wọ́n ń fi Faransé kàwé, wọ́n sì ń bá Gẹ̀ẹ́sì pàdé nínú kíláàsì nígbà tí wọ́n bá dé 6ème. Fún wọn, Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìdánwò nìkan. Èdè tí wọn yóò fi bá aṣọ́bodè, oníbàárà àti àlejò sọ̀rọ̀ ni. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ó ká wa lára bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa nílé bá la ẹnu sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹni tó gbọ́ ọ sì rò pé kò lẹ́kọ̀ọ́.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ yẹ ẹ̀kọ́ méjì wò tí a sábà máa ń kọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: bí a ṣe ń fi ‘could’ àti ‘would’ tọrọ nǹkan, àti ibá atẹ́rẹrẹ fún ohun tó ti kọjá, ìyẹn ‘was’ tàbí ‘were’ pẹ̀lú ‘-ing’. Èrò wa ni pé Faransé ló yẹ kí olùkọ́ fi ṣe afárá fún ti àkọ́kọ́, kí ó sì fi Yorùbá ṣe é fún ti èkejì.

1. Ibi tí ọ̀wọ̀ wà

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ yìí:

(1a) Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé omi wá.
(1b) Pourriez-vous m’apporter de l’eau, s’il vous plaît ?
(1d) Could you bring me some water, please?

Nínú (1a), arọ́pò-orúkọ ‘ẹ’ ló gbé ọ̀wọ̀ dání. Ọ̀rọ̀-ìṣe kò yí padà rárá. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹgbẹ́ ẹni ni, ‘jọ̀ọ́, bá mi gbé omi wá’ ti tó. Faransé lo ‘vous’, ó sì tún yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà sí ‘pourriez’. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ‘ẹ’ bẹ́ẹ̀ mọ́: ‘you’ ni fún ọba, ‘you’ náà ni fún ọmọdé. Ó ti ní in rí o. Láyé àtijọ́, ‘thou’ wà fún ojúlùmọ̀ àti ẹni tí ipò rẹ̀ kéré sí tiwa, ‘you’ sì wà fún ẹni àpọ́nlé, ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ‘thou’ ti ń pòórá nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ni a ní láti wá ọ̀wọ̀ lọ lónìí.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá túmọ̀ (1a) ní tààrà yóò sọ pé ‘Please, bring water for me.’ Kò sí àṣìṣe nínú gírámà rẹ̀. Ní Ìdírokò, yóò fi ‘sir’ tàbí ‘ma’ kún un, ọ̀rọ̀ sì parí, nítorí etí tó mọ ‘ẹ’ ló ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n létí ará Lọ́ńdọ̀nù, tàbí àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá, ó lè dà bí àṣẹ.

Ìṣòro tó kù ni ‘could’ fúnra rẹ̀. Olùkọ́ ti sọ fún wọn pé ‘can’ tó ti kọjá ni. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá máa rò ó pé: omi tí mo fẹ́ mu nísinsìnyí, báwo ló ṣe di ti àná? Faransé lè tú kókó yìí. Ó ní ‘pouvait’ fún ohun tó kọjá, ó sì ní ‘pourrait’ fún ohun tí a fi sí ‘bí ó bá ṣeé ṣe’. Gẹ̀ẹ́sì kó méjèèjì sínú ‘could’ kan ṣoṣo. Bí a bá so ‘pourriez-vous’ mọ́ ‘could you’, tí a so ‘voudriez-vous’ mọ́ ‘would you’, tí a sì so ‘je voudrais’ mọ́ ‘I would like’, ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń lò. Kí olùkọ́ má gbàgbé èsì náà: a kì í fi ‘Yes, I could’ dáhùn irú ìbéèrè yìí, ‘Yes, of course’ ló bá a mu.

2. Ibi tí Faransé ti lè mú wọn ṣìnà

(2a) Nígbà tí mo dé, ó ń jẹun.
(2b) Quand je suis arrivé, il mangeait.
(2d) When I arrived, he was eating.

(3a) Nígbà tó wà léwe, ó máa ń jẹ ẹ̀kọ láràárọ̀.
(3b) Quand il était petit, il mangeait de l’akassa tous les matins.
(3d) When he was little, he used to eat ẹ̀kọ every morning.

‘Mangeait’ kan náà ló wà nínú (2b) àti (3b). Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń fi Faransé ronú lè kọ ‘he was eating’ sí méjèèjì. Yorùbá kò dà wọ́n pọ̀ níhìn-ín: ‘ń’ wà fún iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́, ‘máa ń’ wà fún ìṣe bárakú. Ohun tí ‘ń’ kò sọ ni àsìkò. ‘Ó ń jẹun’ lè jẹ́ òní, ó lè jẹ́ àná. ‘Nígbà tí mo dé’ ló là á yé wa. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ ní láti yan ‘is’ tàbí ‘was’. Ìyẹn ló lè mú kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ‘When I arrived, he is eating.’

Ẹ kíyè sí i pé ‘ń’ nìkan lè tọ́ka sí ìṣe bárakú nígbà mìíràn: ‘ìyá mi ń ta ẹja nígbà náà’ lè jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Ẹ fi ‘máa’ síwájú ‘ń’. Bí ìtumọ̀ kò bá yí padà, ‘used to’ ni kí ẹ lò. Bí ó bá yí padà, ‘was’ pẹ̀lú ‘-ing’ ni. Yorùbá tún ń ràn wá lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀-ìṣe bí ‘mọ̀’. Faransé gba ‘je savais’, ṣùgbọ́n a kì í sọ pé ‘mo ń mọ̀ ọ́n’, bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì kì í sọ ‘I was knowing’.

3. Ibi tí ẹ̀kọ́ méjèèjì ti pàdé

(4a) Mo ní kí n béèrè nǹkan lọ́wọ́ yín ni.
(4b) Je voulais vous demander quelque chose.
(4d) I was wondering if you could help me.

Ọ̀rọ̀ wọn kò dọ́gba, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Kò sí èyí tó ń sọ̀rọ̀ àná nínú wọn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kàn sún sẹ́yìn díẹ̀ ni, kí ẹni tí ó ń bẹ̀ lè ráàyè sọ pé rárá. Nínú (4d), ‘was wondering’ àti ‘could’ jọ wà nínú gbólóhùn kan. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé ẹ̀dà ọ̀rọ̀-ìṣe tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ pé nǹkan jìnnà sí wa ní àsìkò, òun náà ló fi ń fi àyè ọ̀wọ̀ sílẹ̀.

4. Nínú kíláàsì

Olùkọ́ lè mú ẹ̀bẹ̀ kan, bí ìwé yíyá, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ àti aṣọ́bodè tí kò mọ̀ rí. Kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ ohun tó yí padà. Kí wọ́n ṣe bákan náà ní Faransé, lẹ́yìn náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọn yóò fojú ara wọn rí i pé ‘you’ kò yí padà, ọ̀rọ̀-ìṣe ló yí padà. Fún ẹ̀kọ́ kejì, kí olùkọ́ béèrè pé ‘What were you doing when the bell rang?’, kí oníkálukú dáhùn: ‘I was sweeping’, ‘We were talking’.

Àwọn olùkọ́ kan kò fẹ́ gbọ́ èdè ìbílẹ̀ nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. Òótọ́ wà nínú ìyẹn. Síbẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún tí a fi wo ‘ẹ’ àti ‘ń’ kò lè pa Gẹ̀ẹ́sì lára. Ọmọ náà ti mọ ẹni tó yẹ kí ó bọ̀wọ̀ fún kí ó tó dé 6ème. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ń kó ọ̀wọ̀ náà sí nìkan ló kù tí a ó fi hàn án.