Oorun àti Jíjí Kọ̀ǹpútà: Àlàyé lórí Iṣẹ́ tí Díìsìkì Kò Tíì Jẹ́

1.0 Ìfáárà

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé bí a bá ti pa ìdérí kọ̀ǹpútà alágbèéká dé, oorun ti gbé e lọ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ó tó sùn ní tòótọ́, ìṣirò kan wà tí ó gbọ́dọ̀ pé, ìyẹn ìṣirò gbogbo iṣẹ́ tí a ti rán sí díìsìkì, tí díìsìkì kò tíì jẹ́ tán. Bí àṣìṣe bá wọ inú ìṣirò yìí, odidi orí kan nínú àpilẹ̀kọ akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣòfò láìsí ariwo. Ète wa nínú iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé bí ìṣirò náà ṣe ń lọ, kí a sì yan ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a lè fi sọ ọ́ láìdàrú. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Finland ní ọdún 1991, ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé gbangba ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà fún ẹnikẹ́ni láti kà.

2.0 Ọ̀rọ̀ tí a yàn

Ètò tí ó wà láàrin kọ̀ǹpútà àti díìsìkì ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi orúkọ awakọ̀ pè. Orúkọ yìí kò bá a mu ní èdè wa, nítorí pé kò wa ohunkóhun. Alárinà ni a óò máa pè é: òun ni ó ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan fún ẹnìkejì, tí ó sì ń mú èsì padà wá. Ohun tí à ń rán an ni iṣẹ́, yálà kí ó ka nǹkan wá tàbí kí ó kọ nǹkan sílẹ̀. Yorùbá a máa rán ni níṣẹ́, ẹni tí a rán a sì jẹ́ iṣẹ́ náà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni iṣẹ́ lè gbà wà láìjẹ́ tán:

(a) Alárinà ti gbà á, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lórí ìlà. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ díìsìkì.
(b) Ó ti dé ọwọ́ díìsìkì, ṣùgbọ́n díìsìkì kò tíì fèsì.
(d) Díìsìkì ti fèsì pé òun gbọ́, ṣùgbọ́n inú ìrántí kékeré tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣì wà. Kò tíì kọ ọ́ síbi tí iná kò ti lè pa á rẹ́ bí ó bá lọ.

Ìpele kẹta yìí ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ. "Díìsìkì ti gbà á" kì í ṣe "díìsìkì ti kọ ọ́".

3.0 Kí oorun tó dé

Linux kọ́kọ́ ń pàṣẹ pé kí a kọ àwọn fáìlì tí ó wà nílẹ̀ sí díìsìkì. Lẹ́yìn náà ni yóò dá àwọn ètò tí à ń lò dúró, kí wọ́n má baà rán iṣẹ́ tuntun. Ọmọ ni ó ń sùn ṣáájú òbí: díìsìkì yóò sùn kí ẹ̀rọ tí a so ó mọ́ tó sùn. Alárinà yóò wá ti ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ (a) yóò dúró lórí ìlà. Iṣẹ́ (b) ni yóò dúró dè. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Ṣùgbọ́n sùúrù yìí ní ìwọ̀n: ìṣẹ́jú àáyá 30 ni Linux sábà ń fún díìsìkì SCSI láti fèsì sí iṣẹ́ kan. Ní ti (d), alárinà yóò pàṣẹ pé kí díìsìkì kọ gbogbo ohun tí ó kó sínú ìrántí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni yóò tó ní kí ó sinmi. Bí díìsìkì bá kọ̀, alárinà lè sọ pé oorun kò ṣeé sùn. Linux yóò sì jí àwọn tí ó ti sùn ṣáájú.

4.0 Ìgbà tí ó bá jí

Òbí ni ó ń jí ṣáájú ọmọ. Bí iná bá ti kúrò lára ẹ̀rọ náà, ó lè ti gbàgbé ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, alárinà NVMe a máa gba iṣẹ́ tí kò parí padà, a sì tò ó sórí ìlà láti tún un rán. Èyí kò léwu, nítorí pé bí a bá kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan náà ni yóò jẹ́.

Ìṣòro tí ó ta kókó jù ni pé àṣẹ "jí" fúnra rẹ̀ iṣẹ́ ni. Bí aṣọ́bodè bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ gbogbo ènìyàn, tí ó sì ti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ìta, ta ni yóò ṣí i? Díìsìkì yóò máa dúró de iṣẹ́, iṣẹ́ yóò máa dúró de díìsìkì, kọ̀ǹpútà kò sì ní jí mọ́. Ìdí nìyí tí Linux fi ń fi àmì sára iṣẹ́ tí ó jẹ mọ́ oorun àti jíjí, kí alárinà lè jẹ́ kí wọ́n kọjá nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń dúró.

5.0 Ìgúnlẹ̀

Ìlànà tí Intel, Microsoft àti Toshiba gbé jáde ní ọdún 1996 ya oorun sí oríṣiríṣi. Nínú èyí tí wọ́n pè ní S3, iná ṣì ń lọ sára ìrántí kọ̀ǹpútà. Nínú S4, a ti kọ ohun tí ó wà nínú ìrántí sí díìsìkì, a sì lè pa iná pátápátá. Ní ilẹ̀ wa tí iná kì í dúró, ìyàtọ̀ yìí ṣe kókó. Bí bátìrì bá kú nínú S3, gbogbo iṣẹ́ (a) àti ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì pàṣẹ pé kí a pamọ́ yóò bá a lọ, bí ó ti wù kí alárinà ṣe olóòótọ́ tó. Ohun tí a kò rán an, kò lè jẹ́ ẹ.

Ní ti àwa olùkọ́ èdè, ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìtumọ̀ kan ṣoṣo fún "iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀" kò tó. Ẹni tí yóò kọ ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yorùbá gbọ́dọ̀ sọ irú "kò tíì" tí ó ní lọ́kàn: kò tíì lọ, kò tíì fèsì, tàbí kò tíì kọ ọ́.