Ta ló ń jẹ nínú owó ìdílé tó lọ gbafẹ́ létí òkun Jàmáíkà?

Bàbá, ìyá àti ọmọ méjì wọ bàálù ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n balẹ̀ sí Montego Bay ní erékùṣù Jàmáíkà. Bọ́ọ̀sì òtẹ́ẹ̀lì ti ń dúró dè wọ́n. Láti ìgbà náà títí di ọjọ́ tí wọ́n máa padà sílé, kò sẹ́ni tó máa béèrè owó oúnjẹ lọ́wọ́ wọn mọ́. Ọmọ lè gba áísìkiriìmù lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, bàbá lè mu bíà bó ṣe wù ú, ìyá lè sùn létí òkun kí àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì máa bá a bójú tó àwọn ọmọ. Wọ́n ti san gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé.

Ẹni tó bá ti ra aṣọ ẹbí rí yóò tètè mọ bí òwò yìí ṣe ń lọ. Owó aṣọ ẹbí kì í ṣe owó aṣọ nìkan. Ìrẹsì, ẹran, ọtí àti ẹ̀bùn tí wọ́n máa pín lóde ìnáwó ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ìnáwó mọ̀ pé àwọn kan máa jẹ àwo mẹ́ta, àwọn mìíràn á fọwọ́ kan oúnjẹ díẹ̀ wọn á sì máa lọ, ó sì ti fi ti ẹni tó jẹ díẹ̀ dí ti ẹni tó jẹ púpọ̀. Ìṣirò òtẹ́ẹ̀lì náà nìyẹn. Àǹfààní tó tún wà níbẹ̀ ni pé owó ti wọlé kí àlejò tó dé, òtẹ́ẹ̀lì sì mọ iye ẹnu tó máa bọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ní ra ẹja tó máa bàjẹ́ sí i lọ́wọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni yàrá tó ṣófo. Búrẹ́dì àná ṣì ṣeé tà lẹ́dìn-ínwó, ṣùgbọ́n yàrá tí kò rẹ́ni sùn lálẹ́ àná ti bá àná lọ. Ìdí nìyẹn tí owó fi máa ń wálẹ̀ lẹ́yìn àárín oṣù kẹrin, nígbà tí òtútù bá ti kásẹ̀ ńlẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù.

Kì í ṣe Jàmáíkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ òwò yìí. Gérard Blitz, ọmọ ilẹ̀ Belgium, ló dá Club Med sílẹ̀ lọ́dún 1950, inú àgọ́ ni àwọn àlejò rẹ̀ sì ń sùn ní erékùṣù Majorca lórílẹ̀-èdè Spain. Ní Jàmáíkà, John Issa ṣí Negril Beach Village lọ́dún 1976. Gordon Stewart, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Butch, tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ amúlétutù ni ọkùnrin yìí ń tà láti 1968, kì í ṣe oní-òtẹ́ẹ̀lì rárá, kó tó ra òtẹ́ẹ̀lì kan ní Montego Bay tó sì ṣí i lọ́dún 1981 lórúkọ Sandals. Tọkọtaya nìkan ló ń gbà síbẹ̀. Nígbà tó rí i pé àwọn tọkọtaya ọ̀hún ti bímọ, ó dá Beaches sílẹ̀ lọ́dún 1997 fún tọmọtọmọ. Stewart kú lọ́dún 2021, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń bá iṣẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n kí ni ti ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri? Obìnrin tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ àti fìlà koríko, ẹni tó ń yan adìyẹ lẹ́bàá títì, awakọ̀ takisí, ọ̀nà òkun kan náà ni gbogbo wọn ń wò. Àlejò tó ti sanwó oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ láti ilé kò ní jáde wá ra adìyẹ. Etíkun pàápàá kò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, nítorí òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1956, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso níbẹ̀, fi etíkun sábẹ́ ìjọba láìfún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ gbogboogbò láti wọ̀ ọ́ lọ lúwẹ̀ẹ́. Títí di òní ni àwọn kan ń jà sí òfin yìí. Tí òtẹ́ẹ̀lì bá tún lọ ń ra ẹran, èso àti wáìnì láti òkè òkun, owó tó wọ ìlú láàárọ̀ ti jáde nílùú kó tó dalẹ́.

Ilẹ̀kùn tó ṣí fún àwọn kan kì í ṣe ti iwájú, ti ilé ìdáná ni. Lọ́dún 1996, àgbẹ̀ mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ sí í kó irè oko fún òtẹ́ẹ̀lì Sandals méjì. Kò rọrùn rárá. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì ń ráhùn pé irè òní kì í jọ ti àná, àti pé àgbẹ̀ kì í sọ tẹ́lẹ̀ bí kò bá ní rí ọjà kó wá. Àwọn àgbẹ̀ náà ń ráhùn pé òtẹ́ẹ̀lì kì í tètè sanwó, wọn kò sì mọ ìgbà tí nǹkan ń so. Ohun tí wọ́n ṣe sí i kò ná wọn lówó púpọ̀: wọ́n mú àwọn àgbẹ̀ wọ òtẹ́ẹ̀lì kí wọ́n fojú ara wọn rí bí wọ́n ṣe ń lo irè wọn, wọ́n sì mú àwọn ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì lọ sóko. Wọ́n jọ ń jókòó sọ̀rọ̀ lórí iye owó, bí ọjà ṣe gbọ́dọ̀ dára tó àti bí wọ́n ṣe máa dì í. Láàárín ọdún mẹ́ta, ọjà tí àwọn àgbẹ̀ ń tà kúrò ní 60,000 dọ́là, ó di mílíọ̀nù 3.3 dọ́là. Nígbà tó fi máa di 2004, wọ́n ti di ọgọ́rin.

Oníṣòwò tó bá ń gbé ẹyin tàbí ata rodo lọ sí òtẹ́ẹ̀lì ní Lẹ́kkí tàbí Badagry kò ní ṣàì mọ ọ̀rọ̀ àìtètè-sanwó yìí. Olóúnjẹ inú ọjà ń sanwó lọ́wọ́, òtẹ́ẹ̀lì ń gba ìwé owó ọjà, ó lè di oṣù kan kó tó sanwó. Ẹni tí owó ìdókòwò rẹ̀ kò bá lè dúró fún àkókò yẹn, kó má tíì fọwọ́ síwèé, bó ti wù kí iye owó náà wuyì tó. Kó sì béèrè iye kílò tí wọ́n ń fẹ́ lọ́sẹ̀ tí àlejò kò pọ̀, nítorí iye ọ̀sẹ̀ ọdún Kérésì nìkan ni wọ́n sábà máa ń sọ.

Ewu mìíràn wà tí àdéhùn kò lè mú kúrò. Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìjì líle Melissa kọlu ìwọ̀-oòrùn Jàmáíkà, ó sì ba oko púpọ̀ jẹ́ ní St Elizabeth, ẹkùn tí wọ́n ń pè ní abà oúnjẹ orílẹ̀-èdè náà. Òtẹ́ẹ̀lì tó bá ṣílẹ̀kùn padà lè fi ọkọ̀ òkun kó tòmátì wá láti Amẹ́ríkà. Àgbẹ̀ ní láti tún ilẹ̀ ro, kó tún gbin, kó sì dúró dìgbà tí yóò so.