Wóró nánò ọlọ́ràá

Wóró nánò ọlọ́ràá jẹ́ horo ọ̀rá tó kéré jọjọ, tí a ń lò láti gbé oògùn, àbùdá tàbí àjẹsára wọ inú sẹ́ẹ̀lì ara. Ìbú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí nánómítà 100. Bí a bá to 800 irú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn yóò fẹ̀ tó fọ́nrán irun orí kan.

mRNA, tí ó ń gbé àṣẹ bí sẹ́ẹ̀lì yóò ṣe ṣe prótéìnì, kì í dá rìn. Àwọn ẹ́ńsáìmù inú ẹ̀jẹ̀ a máa gé e wẹ́wẹ́ kí ó tó débi kankan.

Irú ọ̀rá mẹ́rin ni ó para pọ̀ di wóró yìí: fọsfólípíìdì, kólẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ọ̀rá tí a so mọ́ PEG, àti ọ̀rá tí agbára iná rẹ̀ ń yí padà. Èyí tó kẹ́yìn ni ọ̀gá wọn. Nínú ásíìdì, ó ń ní agbára iná pọ́sítíìfù, ó sì ń di mRNA mú ṣinṣin. Nínú ẹ̀jẹ̀, agbára náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́, èyí sì ń dín ewu rẹ̀ kù. Bí sẹ́ẹ̀lì bá gbé wóró náà mì sínú àpò kékeré kan, ásíìdì inú àpò náà yóò tún jí agbára náà dìde, awọ àpò yóò ya, mRNA yóò sì bọ́ síta. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń bọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù ń ṣòfò, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ ìwádìí ṣì pọ̀ sí.

Alec Bangham ṣàpèjúwe àwọn ìbátan rẹ̀, lípósóòmù, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1960. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Doxil, oògùn jẹjẹrẹ inú lípósóòmù, ní 1995. Iṣẹ́ Pieter Cullis àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Vancouver, Kánádà, wà lára ohun tó bí Onpattro, tí a fọwọ́ sí ní 2018 fún àrùn iṣan ìmọ̀lára kan tí a ń jogún. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe prótéìnì tó ń fa àrùn náà, ẹ̀dọ̀ kan náà ni wóró yìí sì máa ń forí lé bí a bá fún un sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Àǹfààní ńlá nìyí fún Onpattro, ṣùgbọ́n ìdènà ni fún ẹni tó fẹ́ kí oògùn dé ọpọlọ.

Ní oṣù Kejìlá 2020 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í lo àjẹsára kòrónà ti Pfizer àti BioNTech àti ti Moderna káàkiri Amẹ́ríkà. Òtútù ni ìṣòro wọn: −60°C sí −80°C ni a kọ́kọ́ ní kí a fi tọ́jú ti Pfizer, ti Moderna sì wà ní nǹkan bí −20°C. Nàìjíríà gba nǹkan bí mílíọ̀nù 4 ìwọ̀n Moderna láti Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹjọ 2021. Bí ó bá ti yọ́, ọjọ́ 30 péré ni ó lè lò nínú fíríìjì lásán.