Ṣé dandan ni kí òǹkọ̀wé jìyà kó tó kọ ìtàn ìyà?

Awuyewuye kan ò tíì tán láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ìtàn: ṣé ohun tí ojú èèyàn rí nìkan ló lè kọ? Bí ọmọ Lekki bá kọ ìtàn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, kíá ni wọ́n á ní, "Kí lo mọ̀ nípa wa?" Bí ọkùnrin bá kọ ìtàn obìnrin, wọ́n á ní kó lọ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí ní Èkó níbí.

Lọ́dún 1929, lẹ́tà obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Ó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé. Ó ní àìsàn ti dá òun gúnlẹ̀, òun sì fẹ́ sọ ìtàn ayé òun kí òun tó kú, kí àwọn ọmọge lè fi òun kọ́gbọ́n. Àánú ṣe àwọn èèyàn. Àwọn kan kọ̀wé sí i, àwọn míì tiẹ̀ fowó ránṣẹ́.

Àṣé kò sí Ṣẹ̀gilọlá kankan! Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin ni o. Lọ́dún 1930, àwọn lẹ́tà náà di ìwé, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́.

Báwo ló ṣe rí wọn mú? Oníròyìn ni Thomas, etí rẹ̀ wà nígboro. Àdúgbò tí ará Èkó mọ̀, orin tó wà lẹ́nu aráyé nígbà náà, orin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ Bíbélì, gbogbo rẹ̀ ló kó sẹ́nu obìnrin yẹn. Etí ló fi kọ ìwé náà.

Òun nìkan kọ́. Tíṣà ni Fágúnwà, kì í ṣe ọdẹ, síbẹ̀ ìwé ọdẹ rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1938 ṣì wà títí dòní. Apòògùn òyìnbó ni Cyprian Ekwensi tó kọ Jagua Nana lọ́dún 1961, ìtàn aṣẹ́wó kan l'Ékòó. Amos Tútùọlá ńkọ́? Mẹ́séńjà ọ́fíìsì ìjọba tó kọ ìrìnàjò lọ sí ìlú àwọn òkú. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó débẹ̀ nìkan ló lè kọ ọ́, ta ni ì bá kọ ọ́?

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kọ́gbọ́n gbọ́dọ̀ dúró bi ẹni tó jìn sí kòtò léèrè ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àwọn obìnrin tó ń gbé irú ayé Ṣẹ̀gilọlá wà l'Ékòó lọ́dún 1929, ṣùgbọ́n obìnrin tí wọ́n fi gègé dá ni wọ́n fowó ránṣẹ́ sí. Tó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ló di gègé náà mú fúnra rẹ̀, ṣé ìrònúpìwàdà ló máa kọ́kọ́ kọ? Àbí owó ilé?

Lónìí, ọ̀rọ̀ yẹn ti kan Ìsàlẹ̀ Èkó. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù àti ìtàn wa, jàǹdùkú, igbó àti ìgò fífọ́ ló kún ibẹ̀. Ìdúmọ̀tà tí kò jìnnà síbẹ̀ sì ni wọ́n ti ta fíìmù bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ! Ìyá tó ń tajà ní Jankara dà? Ọmọ tó ń ti ilé kéú bọ̀ dà? Bí ọmọ àdúgbò náà bá lọ wáṣẹ́, tó sì dárúkọ ilé rẹ̀, ìtàn tí a kọ ni wọ́n máa fi wò ó.

Nítorí náà, ẹ má bi òǹkọ̀wé bóyá ó ti jìyà rí. Ẹ bi í pé ọ̀dọ̀ ta ló jókòó sí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí CMS, ẹ fẹsẹ̀ rìn wọlé, ẹ rajà, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Kí ẹ tó gbé ìtàn náà síta, ẹ ka ojú ewé kan fún ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ, ẹ máa bá a lọ. Bó bá kàn ń wò yín, ẹ lọ tún un kọ.