Ìtọ́jú Ọkàn Lẹ́yìn Ìfipábánilòpọ̀: Ẹ Má Jẹ́ Kí Ọtí Ṣáájú Wa Dé Ọ̀dọ̀ Ẹni tí Ó Fara Pa

Bí ènìyàn bá ṣubú lórí ọ̀kadà ní Òwòdé-Ẹdẹ, kò sí ẹni tí yóò dúró kí egbò náà kẹ̀ kí ó tó gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Ojú rí ẹ̀jẹ̀, ẹsẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ lè má ní egbò kankan tí ojú rí. Ó lè wẹ̀, kí ó wọ aṣọ mìíràn, kí ó sì lọ sí ọjà tàbí sí kíláàsì ní ọjọ́ kejì, kí àwọn ará ilé máa rò pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Ọgbẹ́ tí ó wà lọ́kàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ ṣàlàyé lé lórí, àti ohun kan tí ọ̀pọ̀ ń fi bò ó mọ́lẹ̀, èyí tí í ṣe ọtí mímu.

Ìlú Ẹdẹ kún fún ọ̀dọ́. Polí Ìjọba Àpapọ̀, Yunifásítì Redeemer's àti Yunifásítì Adeleke wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ni kò sì ní òbí nítòsí. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹnu wọn lè jẹ́ ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, ìyá onílé, olùkọ́, pásítọ̀ tàbí ààfáà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn oníṣègùn nìkan.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn

Ní ọdún 1974, Ann Burgess tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti Lynda Holmstrom tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa àwùjọ, tẹ ìwádìí kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ sọ̀rọ̀ ní ilé-ìwòsàn kan ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń sunkún. Àwọn kan ń gbọ̀n, àwọn mìíràn sì jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, àlá burúkú àti ìbẹ̀rù wà nínú àwọn tí ó dákẹ́ pẹ̀lú. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún wa: ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni náà ń purọ́.

Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, oorun lè dá lójú ẹni náà, ó lè máa ta gìrì bí ilẹ̀kùn bá dún, ó lè máa sá fún ọ̀nà tí ó ń gbà tẹ́lẹ̀. Ara tí ó ti rí ewu ńlá kì í tètè gbà pé ewu ti kọjá. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìpayà yìí a máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá ní ẹni tí ó gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ju oṣù kan lọ, tí kò sì jẹ́ kí ènìyàn lè sùn, kí ó kàwé tàbí kí ó ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ àìsàn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní PTSD. Àìsàn náà ní ìtọ́jú.

Bí ọtí ṣe ń wọlé

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan; kì í ṣe ẹnì kan pàtó ni a ní lọ́kàn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i a padà wá síwájú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó mu ọtí inú ọ̀rá kan, ó sì sùn. Ó rò pé òun ti rí oògùn. Nígbà tí ó ṣe, ọ̀rá kan kò tó mọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó di pé kí ó mu ún ní àárọ̀ kí ó tó lè jáde láàárín ènìyàn. Àwọn ará ilé rí ọtí, wọn kò rí ohun tí ó fa ọtí. Wọ́n ní ó ti bàjẹ́.

Ọtí a máa tètè mú oorun wá, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí oorun náà dára. Bí agbára rẹ̀ bá ti ń lọ ní òru, ènìyàn a jí, ìpayà a sì tún dé. Bí ó bá ti mọ́ra, ìwọ̀n tí ènìyàn ń mu a máa lọ sókè. Bẹ́ẹ̀ ni ìṣòro kan ṣe ń di méjì. Àwọn ọkùnrin àti ọmọkùnrin tí irú nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ sí pẹ̀lú ń bọ́ sínú rẹ̀, nítorí pé ìtìjú kì í jẹ́ kí wọ́n sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bí ẹni náà bá tilẹ̀ ti mu ọtí kí ìṣẹ̀lẹ̀ náà tó wáyé, ẹ̀bi kì í ṣe tirẹ̀. Òfin tí ó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, tí Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2015, là á sílẹ̀ pé ìyọ̀ǹda tí a fi ipá, ìhàlẹ̀ tàbí ohunkóhun tí ó lè gba ìpinnu lọ́wọ́ ènìyàn gbà, kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ó fún ẹni tí ó fara gbá a ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ara, ìtọ́jú ọkàn, ìrànwọ́ àwùjọ àti ìrànwọ́ òfin. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ti sọ irú òfin bẹ́ẹ̀ di tiwọn.

Ohun tí ó yẹ ní ọjọ́ àkọ́kọ́

Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìwé ìtọ́sọ́nà tí ó gbé jáde ní ọdún 2011, kó ìrànwọ́ àkọ́kọ́ fún ọkàn jọ sí ohun mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni lè kọ́.

Èkíní ni wíwò. Ǹjẹ́ ẹni náà wà ní ibi tí ewu kò ti lè tún bá a? Ṣé ó nílò aṣọ, omi tàbí oúnjẹ?

Èkejì ni gbígbọ́. Ẹ jẹ́ kí ó sọ ìwọ̀n tí ó bá fẹ́ sọ. Ẹ má ṣe fi ipá mú un láti ro gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ fún bàbá, fún ẹ̀gbọ́n àti fún aládùúgbò. Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ìyá tí ó bá wí pé, "Ọmọ mi, mo gbà ọ́ gbọ́, ẹ̀bi rẹ kọ́," ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ẹni tí ó bá béèrè pé, "Kí ni o wá lọ síbẹ̀?" ti ta ọfà sí ojú ọgbẹ́.

Ẹ̀kẹta ni síso ó pọ̀ mọ́ ìrànwọ́. Ẹ tètè mú un lọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba. Oògùn tí ó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Oògùn tí ó ń dènà oyún lè ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ 5, ṣùgbọ́n bí ó bá ti yá tó ni ó ṣe dára tó. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó má tíì wẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ tí ó wọ̀ sínú àpò oníwèé. Bí ó bá ti wẹ̀, kí ó ṣì lọ. Ìtọ́jú kò gbọ́dọ̀ dúró de ọlọ́pàá.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ béèrè fún ìtọ́jú ọkàn pẹ̀lú. Láti Ẹdẹ, wọ́n lè darí ènìyàn lọ sí Ilé-ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tàbí sí ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ní Ìkẹjà, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Mirabel Centre ti ń ṣe ìtọ́jú ara àti ti ọkàn lábẹ́ òrùlé kan láti oṣù Keje ọdún 2013. Lílọ rí oníṣègùn ọpọlọ kò sọ ènìyàn di wèrè. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2023 dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ń gba ìtọ́jú.

Bí ọtí bá ti wọ̀ ọ́

Ẹ má ṣe fi àbùkù kàn án. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ béèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí ó ń sá fún. Ẹ sọ fún dókítà nípa ọgbẹ́ ọkàn àti nípa ọtí pọ̀, kí a lè tọ́jú méjèèjì papọ̀. Ẹni tí ó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì láìsí dókítà, nítorí ó lè fa gìrì. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe fún un ní oògùn oorun láti ilé ìta oògùn. Oògùn oorun àti ọtí lè pa ènìyàn. Ní alẹ́, tí ìpayà máa ń pọ̀ jù, kí ẹnì kan tí ó fọkàn tán bá a sùn sí yàrá.

Ọtí wà ní ibùdókọ̀ láàárọ̀, ó sì wà níbẹ̀ lálẹ́; owó díẹ̀ ni wọ́n ń tà á, kì í sì í béèrè ìbéèrè. Ohun tí a ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ tètè dé ju ọtí lọ.